Eyín Kẹfà

Láti ìgbà tí Lateefah ti pé ọmọ ọdún méje títí ó fi pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í la ẹnu níwájú alángbá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Ìlọrà tí wọ́n bí i sí, gbogbo ọmọdé ló mọ òfin náà. Bí eyín rẹ bá bọ́, má ṣe jẹ́ kí alángbá rí àlàfo rẹ̀. Bí ó bá rí i, tuntun kò ní hù mọ́. Àwọn ọmọ yòókù a pa ẹnu dé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, eyín á hù, ọ̀rọ̀ á parí. Ti Lateefah kò parí. Ọdún mẹ́jọ. Ọwọ́ lẹ́nu, ojú lára ògiri.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Eyín kan dá ihò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, nísàlẹ̀. Kò jẹ́ kó sùn, kò jẹ́ kó jẹun. Ìyá bàbá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, ní kó la ẹnu, ó wò ó, ó ní, "Eyín ọmọdé ni. Ẹ bá mi yọ ọ́ dànù, òmíràn ń bọ̀." Wọ́n pe àbúrò bàbá rẹ̀ tó ní ẹ̀mú. Eyín náà kọ̀, ó lóun ò lọ. Ọkùnrin méjì ló di orí ọmọ mú kó tó jáde, ẹ̀jẹ̀ sì kún abọ́. Ìyá àgbà ṣan eyín náà, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ méje. Méje, torí pé obìnrin ni. Ká ní ọkùnrin ni, mẹ́sàn-án ni ì bá jẹ́.

"Jù ú sókè."

Lateefah jù ú sórí òrùlé. "Òrùlé, gba ògbólógbòó, fún mi ní tuntun!" Òkúta dún lórí páànù bí òjò tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tó tún yí èrò padà.

Ó dúró.

Ó dúró títí. Láàárín ìgbà náà, eyín iwájú rẹ̀ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sókè, tuntun ń hù, ó fẹ̀, ó funfun. Gbogbo wọn padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kò padà. Lateefah sì mọ ọ̀daràn náà. Akọ alángbá kan báyìí, olórí pupa, tó máa ń yá oòrùn lára ògiri ilé ìdáná. Bí ọmọ náà bá ti bojú wò ó, alángbá á mi orí. Ó ń mi orí, ó ń mi orí, bí ẹni tó ń sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni, kí lo fẹ́ ṣe?

Ní ọdún tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìjì ká òrùlé ilé wọn. Nígbà tí káfíńtà ń tú páànù àtijọ́ sílẹ̀, Lateefah ló ń kó ewé gbígbẹ kúrò níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, níbi tí àgbàrá òjò máa ń gbà. Láàárín ewé, ó rí òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Ó rí nǹkan kẹrin. Ó fi ìka nù ún.

Eyín ni. Orí rẹ̀ fẹ̀, ó ní òkè ó ní kòtò, ihò dúdú kan sì wà láàárín. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló yà á lẹ́nu. Ẹsẹ̀ méjì. Gígùn, líle, wọ́n dúró gbọin bí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé ẹrù tó sì lè gbé e.

Fìdítì ló ti ń lọ sílé ìwé girama nígbà náà. Ó we eyín náà mọ́ bébà, ó gbé e lọ fún Tíṣà Joel tó ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì.

"Ta ló yọ èyí?"

"Àwọn ará ilé wa, sà."

"Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi yọ ọ́?"

"Wọ́n ní òmíràn á hù."

Tíṣà Joel ò rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu tirẹ̀, ó fi ìdí báírò ka eyín láti àárín gbùngbùn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Lẹ́nu ọmọdé, márùn-ún yìí ni yóò bọ́, tí òmíràn yóò rọ́pò wọn. Ẹ̀kẹfà kò rọ́pò ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló ń gbà yọ, bí ọmọ bá tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Eyín kankan ò bọ́ kó tó dé, kò pariwo. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí kì í fi í mọ̀ pé àlejò ti wọlé. Eyín àgbà ni. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń wá sáyé."

Lateefah ronú sí i.

"Nígbà náà, kì í ṣe alángbá, sà?"

"Alángbá wo?"

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà gba eyín náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, kò ṣàwáwí, kò bínú.

"Ta ló sọ fún wa?" ló wí.

Ìbéèrè ni. Ó sì dúró bí ìbéèrè nínú Lateefah, láìsí ẹni tó dáhùn.

Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé Ìbàdàn, sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ìtọ́jú eyín. Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọ̀bẹ kékeré, ọṣẹ gbọọrọ, kí oníkálùkù máa gbẹ́ eyín. Eyín iwájú, pẹlẹbẹ, ẹnu rẹ̀ mú bí ti ọkọ́, tìtorí àti gé. Eyín ajá, ṣóńṣó, gbòǹgbò rẹ̀ ló gùn jù nínú gbogbo wọn, tìtorí àti fà ya. Lẹ́yìn wọn, àwọn oníwo méjì, tí orí wọn yọ ṣóńṣó méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olórí ńlá tó ń lọ oúnjẹ. Méjìlélọ́gbọ̀n lápapọ̀ fún àgbàlagbà, wọn ò sì jọ ara wọn. Bí o bá tú gbogbo wọn sórí tábìlì, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé èyí lọ́tùn-ún, òkè ló ti wá, èyí lósì, ìsàlẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Lateefah gbẹ́ ẹ̀kẹfà. Ó gbẹ́ ẹ, ó tún un gbẹ́. Ọ̀gá wọn dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹyọ kan yìí nìkan lo ní lẹ́nu ni?"

"Òun nìkan ni mi ò ní, sà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là gbàù.

Ìyẹn ti lé ní ogún ọdún. Lónìí, òun ni wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Eléyín ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Fìdítì. Láràárọ̀, ọ̀kadà ló ń gbé e wá láti Ìlọrà. Yàrá rẹ̀ kò ju ibi tí àga kan àti tábìlì kan lè gbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín wà ní kọ̀rọ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, ó ń retí iná. Lateefah kì í retí iná ní tirẹ̀. Dígí kékeré ọlọ́wọ́ gígùn. Ṣíbí irin tí orí rẹ̀ kò tó hóró ìrẹsì. Òwú. Ojú fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Bí òwúrọ̀ bá mọ́ dáadáa, ó tó o. Nínú àpò rẹ̀, ìgò oògùn kékeré kan wà, eyín ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló bá a gbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí ọsàn kún gbogbo etí títì, ìyá àgbà kan wọlé tọ̀ ọ́. Àlàkẹ́ lorúkọ rẹ̀, Akinmorin ló ti wá. Ó gbé àpò ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ kan, ó fi èkejì fa ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Purity ni ọmọ náà, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọdún méje.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jókòó."

"Káàárọ̀, Nọ́ọ̀sì. N ò jókòó. Ọ̀rọ̀ wa ò pẹ́. Yọ eyín yìí fún mi kí n tètè máa lọ. Mo ní ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún àbúrò mi ní ìsàlẹ̀ ọjà."

"Purity, wá gun àga. La ẹnu. Hááà."

"Hááà," ni Purity wí. Ìbẹ̀rù wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó la ẹnu.

Lateefah ti dígí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ahọ́n rẹ̀ sáré lọ sí àlàfo inú ẹnu tirẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Mẹ́fà. Ihò dúdú kan wà láàárín rẹ̀.

Ó gbé dígí sílẹ̀.

"Màmá, n ò ní yọ ọ́."

"O ò ní ṣe kí ni?"

"Eyín àgbà ni. Bí a bá yọ ọ́, òmíràn ò ní hù."

Màmá Àlàkẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ọdún méje, eyín àgbà? Ìwọ Nọ́ọ̀sì yìí, ọmọ mẹ́sàn-án ni mo tọ́. Mo ti ju eyín sókè tó fi jẹ́ pé òrùlé ilé wa mọ ohùn mi. Wò ó." Ó tú ìdí ìró rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ méje, ó ti ṣà wọ́n, ó ti fọ̀ wọ́n. "Mo ti múra. Bí ìwọ ò bá lè yọ ọ́, Sìrájù tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní oríta Akinmorin á yọ ọ́. Ẹ̀mú rẹ̀ kì í bi èèyàn ní ọjọ́ orí."

"Kò níí bi í," ni Lateefah wí. "Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn."

Ó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Bí obìnrin yìí bá fi bínú jáde, kí oòrùn tó kan àtàrí, eyín kẹfà Purity á ti wà lórí òrùlé. Ọmọ náà á dúró. Á máa dúró.

"Màmá, ẹ fún mi ní ẹ̀gẹ́ kan."

"O fẹ́ kí n fún ọ lẹ́bùn lórí iṣẹ́ tí o ò ṣe?"

"Mo fẹ́ gé e ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá àgbà yọ ọ̀kan, ó nà án sí i bí ẹni tó fẹ́ rí ibi tí eré yìí máa já sí. Lateefah gé e sí méjì gbagada. Ó gbé ojú ibi tó gé sókè.

"Kí lẹ rí?"

"Ẹ̀gẹ́."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin lẹ gbìn ín."

"Èèpo. Ara funfun. Okùn àárín."

"Eyín náà nìyẹn. Ó ní awọ lóde, tirẹ̀ le ju egungun, kò sí ohun tó le tó o lára èèyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lu, kì í jinná bí ojú egbò. Abẹ́ rẹ̀ ni ara eyín gan-an, ó pọ́n díẹ̀, ó rọ̀ ju awọ lọ. Láàárín gbùngbùn, okùn. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀, ìrora ń gba ibẹ̀. Bí ẹ̀gẹ́ bá ń rà, tí ìrà náà ò tíì kan okùn, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"Màá gé ibi tó rà dànù, màá se ìyókù."

"Bí ó bá ti kan okùn ńkọ́?"

"Ìyẹn ti di ti ewúrẹ́."

"Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Màá ha ibi tó rà kúrò, màá dí i. Bí mo bá rí i pé ó ti kan okùn, mo ṣèlérí fún yín, èmi fúnra mi ni màá yọ ọ́, n ò ní jẹ́ kí ẹ dé ọ̀dọ̀ Sìrájù."

Màmá Àlàkẹ́ kò tíì jókòó. "Ẹ̀gẹ́ tó o fi ń pòwe yẹn, bí a bá fà á, a ń ti igi rẹ̀ bọlẹ̀, òmíràn á ta."

"Òótọ́ ni. Ti ọmọdé nìyẹn. Eyín ọmọdé ní arọ́pò lábẹ́. Èyí ò ní."

"Kí ni màá fi mọ̀?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lateefah fẹ́ràn rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ìyá àgbà.

"Màmá, gbogbo eyín tí ẹ ti jù sókè yẹn. Nígbà tí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ yín, báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí? Ṣé wọ́n ní gbòǹgbò?"

"Gbòǹgbò kẹ̀? Eyín ọmọdé? Bí hóró àgbàdo ni. Èèyàn á kàn rí orí, ìsàlẹ̀ á ti tán."

"Ta ló jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

Màmá Àlàkẹ́ wo ẹnu ọmọ náà. Kò rò ó rí.

"Èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ ni. Bó ṣe ń tì í bọ̀ ni gbòǹgbò ti òkè ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, títí orí nìkan á fi kù, tí ìka ọmọ fi lè mì ín bọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi í dunni. Ẹ ò fi ẹ̀mú fa irú ẹ̀." Lateefah na ọwọ́ sínú àpò. Ó tú ìgò náà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà. "Èyí ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ méjì. Òkúta mẹ́ta tẹ̀ lé e jáde.

"Tèmi ni. Ọmọ ọdún méje ni mo wà. Wọ́n ní eyín ọmọdé ni. Ó di ọdún mẹ́jọ kí n tó rí i lórí òrùlé." Lateefah fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àlàfo náà hàn án. "Ó ṣì ń retí."

Ìyá àgbà wo eyín ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu Nọ́ọ̀sì. Ó wá rọra jókòó.

"Ti Jesse," ló wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bàbá ọmọ yìí. Ti Jesse ní ẹsẹ̀ méjì. Ó gbó wa lẹ́nu kó tó jáde. A ní olórí kunkun ni ọmọ náà, kódà eyín rẹ̀ lágídí. Kò hù mọ́. Mo nà án, Nọ́ọ̀sì. Mo nà án pé ó jẹ́ kí alángbá rí òun."

Ó ń yí eyín náà lọ́wọ́.

"Títí dòní, apá òsì ló fi ń jẹran." Ó mi orí. "Ta ló sọ fún wa?"

Lateefah ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, láti ẹnu mìíràn, ní àgbàlá ilé kan ní Ìlọrà. Lọ́jọ́ náà, kò ní èsì.

"Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo ń sọ fún yín báyìí."

Ìyá àgbà da eyín àti òkúta padà sínú ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé e. "Ó dáa. Ha á. Ṣùgbọ́n èmi ni màá di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Lateefah yí àga kọjú sí fèrèsé. Ó fi òwú sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ọmọ, kí itọ́ má bàa dé ibẹ̀. "Purity, bí ó bá dùn ọ́, gbé ọwọ́ òsì sókè, màá dúró. Ìwọ lọ̀gá."

Ṣíbí irin wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde rọ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó ń rùn. Ó nù ún. Ó tún wọlé. Ó ń jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà tó ti bàjẹ́. Lateefah ń fi ìka gbọ́ ohun tí ojú ò lè rí. Ibi tó rà máa ń gba ṣíbí láyè. Ibi tó yè máa ń kọ ọ́.

Kò tíì kọ ọ́.

Ó jìn ju bó ṣe rò lọ. Ó dúró, ó mí. Ìsàlẹ̀ ihò náà ń sún mọ́ àárín. Bí àmì pupa kan péré bá yọ, ìlérí ni ìlérí, ẹ̀mú ló kàn. Ó fi òwú nù ún, ó wò ó. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó rọra ha ẹ̀gbẹ́ kan, ó ha èkejì.

Ọwọ́ òsì Purity gbéra sókè.

Gbogbo wọn dúró. Lateefah fa ṣíbí jáde.

"Ó dùn ọ́?"

"Rárá," ni Purity wí láàárín òwú. "Imú ló ń yún mi."

"Wo ọmọ yìí!" Ìyá àgbà gbá a nítan. "Ó fẹ́ pa mí! Yún imú ẹ kíá!"

Ṣíbí padà wọlé. Kẹ́rẹ́. Ó tún dán an wò. Kẹ́rẹ́. Ohùn irin lórí ohun tó yè. Ó yí gbogbo ìsàlẹ̀ ihò náà ká, gbogbo rẹ̀ ló kọ ọ́.

"Kò kan okùn," ni Lateefah wí.

Ó da ẹ̀tù funfun sórí gíláàsì, ó kán omi rẹ̀ sí i, ó pò ó kíákíá títí ó fi ki bí ẹ̀bà. Ó dí ihò náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní kí Purity gé eyín pọ̀, kó tún là á, kó tún gé e pọ̀. Lẹ́yìn náà ó ka ìkìlọ̀ rẹ̀: kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan fún wákàtí kan, kó máa fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, kó máa fọ èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá pàápàá, kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

"Wákàtí kan?" ni Purity wí. "Ọsàn ńkọ́?"

"Ọsàn á dúró dè ọ́."

Màmá Àlàkẹ́ ti ń kó ìdí ìró rẹ̀ jọ. Ó wo òkúta méje tó wà níbẹ̀, ó fẹ́ dà wọ́n sórí tábìlì.

"Ẹ má dà wọ́n nù," ni Lateefah wí. "Purity, fi ìka mi èyí tó wà níwájú yẹn, lókè."

Eyín náà mì jẹ́jẹ́.

Ìyá àgbà sún mọ́ ọn. "Èyí ńkọ́, Nọ́ọ̀sì? Ẹ̀kelòó nìyí?"

"Ẹ kà á fúnra yín."

Ó fi ìka rẹ̀ tí iṣẹ́ oko ti sọ di líle kan àárín gbùngbùn. "Ẹ̀kíní." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ̀kíní ni! Ti òrùlé nìyí."

"Tiyín ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀mú má dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bọ́ fúnra rẹ̀."

"Ta ní ń pe ẹ̀mú? Sìrájù á máa tún ọ̀kadà ṣe." Ó so òkúta náà padà, ó so ó le. Ó fi ìlàjì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gé sórí tábìlì. "Èyí fún ọ. Kì í ṣe ẹ̀bùn. O ti bà á jẹ́, ta ni màá gbé e fún?" Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ọmọ mẹ́fà ló wà nílé wa tí wọn ò tíì tó ọdún mẹ́wàá. Lọ́la, màá kà wọ́n."

"Ẹ kà wọ́n, Màmá. Láti àárín."

Lateefah sìn wọ́n dé ìta. Ọ̀kadà kan dúró, ìyá àgbà gùn ún, ọmọ jókòó síwájú rẹ̀, àpò ẹ̀gẹ́ wà lórí itan. Lójijì Purity fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Akọ alángbá kan wà lára ògiri ilé ìwòsàn, olórí pupa, ó ń yá oòrùn.

Ọ̀kadà gbéra. Alángbá kọjú sí Lateefah. Ó mi orí.

Lateefah wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó la ẹnu gbàgàdà, ó sì fi àlàfo náà hàn án dáadáa.

Ó wọlé lọ pe ẹni tó kàn.